Ẹ̀ṣẹ́ Ààrá, Ẹ̀ṣẹ́ Ọmọ Ààrá

…kí n ní kó lọ, àbí kí n ní kó má lọ? Ó wà ní pálọ̀, ó ń dúró. Mi ò gbọ́ ìró tẹlifíṣọ̀n, mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Géńdé ọkùnrin, ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń retí ohun tí yóò jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Màmá, ìjà ńlá ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n má jà á, mi ò ní jà á." Ó sọ ọ́ tán. Èmi náà ní kó jẹ́ kí n fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ tán ná. Bí ẹni pé irùngbọ̀n ló dí mi lọ́wọ́.

Mo fi ìka méjì gbé àgbọ̀n ọkọ mi sókè. Wọ́n jẹ́ kí n gbé e. Àgbọ̀n yìí… àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ gbé e sókè nígbà kan, ilẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn. Ọwọ́ ọkọ mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni orí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu wọn. Dókítà ní, "Màmá, orí tó bá ti gba ẹ̀ṣẹ́ tó báyìí—" kò parí ọ̀rọ̀. Kò sídìí tó fi yẹ kó parí ẹ̀.

Ẹní bíni là á jọ. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Ààrá ni wọ́n ń pe bàbá nígbà tí wọ́n ń jà. Ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ bọ́ sójú ìjà, kò tíì na ọwọ́ tí àwọn èrò ìwòran ti ń pariwo Ọmọ Ààrá, Ọmọ Ààrá. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ a máa roni.

Ṣé ẹ̀ṣẹ́ kan náà wá ni? Kí n rò ó dáadáa. Ta ló tún wo méjèèjì tó mi?

Ti bàbá… láti gìgísẹ̀ ló ti ń bọ̀. Wàá rí i. Gìgísẹ̀ á gbéra, ìbàdí á yí, èjìká á ṣí bí ilẹ̀kùn, ẹ̀ṣẹ́ á wá balẹ̀. Ẹni tó rí i tó ń bọ̀ pàápàá kì í lè sá fún un. Sùúrù wọn sì pọ̀. Wọ́n á gba mẹ́ta kí wọ́n tó ráyè fi ẹyọ kan san án. Bí wọ́n bá ti lu èèyàn tán, wọ́n á dúró wò ó, bí ẹni tó kọ́lé tán tó ń wo ògiri. Bó bá ṣubú, ó parí. Bí kò bá ṣubú… ibẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àwọn náà ti ń jẹ ẹ̀ṣẹ́.

Ti ọmọ, kúkúrú ni. Igbọ̀nwọ́ ló ti ń wá, kò ní ariwo. Á sún mọ́ èèyàn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí sí i létí. O ò ní rí ẹ̀ṣẹ́ náà rárá, orúnkún ọ̀tá tó ń kákò lo máa rí. Olùkọ́ ẹ̀ṣẹ́ wọn, tó gbé tìmùtìmù fún àwọn méjèèjì kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ti bàbá ń wó ilé látòkè. Ti ọmọ ń fa ìpìlẹ̀ rẹ̀ yọ." Mo ní èwo ló wúwo jù? Ó fi ọwọ́ pa ọwọ́. Ó ní bákan náà ni.

Bákan náà. Ó dáa, bó bá jẹ́ bákan náà ni, bákan náà ni yóò ṣe parí. Èmi ni n óò tún máa fi ṣíbí bọ́ ọ—

Rárá. Dúró ná. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lu èèyàn tán ńkọ́? Kí ló máa ń ṣe?

Mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo dijú. Ìjà tó jà kẹ́yìn… ó kan ọkùnrin tó ń bá jà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní ìhà, ó sì… kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà da ẹ̀ṣẹ́ padà, afẹ́fẹ́ ló lù. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Bákan náà. Ó lù ú, ó yẹ orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà sí òsì. Gbogbo ìgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ ni gbogbo ayé ń wò. Ojú rẹ̀ sì nìyẹn, bí mo ṣe bí i ló wà, ẹnikẹ́ni ò rán nǹkan kan níbẹ̀ rí.

Ta ló kọ́ ọ? Olùkọ́ ní, "Ó ti mọ ìyẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ta ni…

Ẹ̀yìnkùlé. Ìrọ̀rí mi. Nígbà tó wà ní kékeré, ọmọ á kan àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, bó bá dúró, bàbá á fi ìrọ̀rí lù ú lórí, bùm. Ẹ̀rín á pa á. Bàbá á ní, "O ti lù ú. Kí lo tún ń wò?" Láràárọ̀. Èmi ń pariwo láti ojú fèrèsé pé òwú inú ìrọ̀rí mi ti ń dà nù. Mo pè é ní eré. Ọwọ́ bàbá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà yẹn, ife ti ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Má dúró wò ó, ọmọ mi. Èmi máa ń dúró wò ó ni."

Wọ́n mọ̀. Ọkọ mi mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó wọ́n lẹ́nu wọn, wọ́n ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì fún ọmọ wọn.

Ọṣẹ ti ń gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ń wò mí, orí ń mì díẹ̀díẹ̀. "Màmá?" Ọmọ ló ń pè láti pálọ̀. Mo ní mò ń bọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe fẹ́ ní kó lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi, ọṣẹ àti gbogbo ẹ̀, mo sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ayé ní ẹ̀ṣẹ́ lọmọ yìí jogún. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fún un.