Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Màámi

Màámi ní òun ò ní padà sílé bí òun ò bá ní lè dá wẹ̀. Ó sọ ọ́ fún dókítà, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó tún sọ ọ́ fún èmi àkọ́bí ẹ̀ bíi pé etí mi di. Egungun itan ẹ̀ ló kán, orí àga onítáyà ló sì ń jókòó báyìí. Kí wọ́n bá òun se oúnjẹ, ó gbà. Kí wọ́n bá òun fọṣọ, ó gbà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí òun wẹ̀ dàgbà wá máa wẹ òun, láéláé. Ó ní bí ilé ò bá ṣe é wẹ̀, kí a mú òun lọ sílé àwọn arúgbó, kí ẹni tí òun ò bí máa wẹ òun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn.

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń yà á, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Kápẹ́ńtà ni àbúrò mi. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kì í pariwo. Bí òòlù bá gbá a lọ́wọ́, á kàn wo ọwọ́ náà ni. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹnu mi mú, mi ò sì bá wọn jiyàn.

A wá pín iṣẹ́: èmi á ya balùwẹ̀ tuntun, Jẹ́jẹ́ á kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, bí ilé ṣe tóbi gan-an la ṣe ń yà á. Àmọ́ bébà ò lè gba odindi ilé, nítorí náà a máa ń la ojú sórí bébà, bíi fèrèsé, ká lè máa wo ilé náà ní kékeré. Bébà kan lè ní ojú mẹ́ta, kí kálukú wọn sì ní iye ìlọ́po tí ilé gangan fi tóbi jù ú lọ. Bí o bá fẹ́ wọn nǹkan, inú ojú náà ni kó o wọ̀ lọ wọ̀n ọ́n, má wọ̀n ọ́n lórí bébà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ débi pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, Jẹ́jẹ́ pè mí pé mi ò kọ fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà sórí àwòrán. Mo ń jẹun lọ́wọ́, ẹnì kan sì ti múnú bí mi ní ọ́fíìsì. Mo fi ọwọ́ kan tẹ igun ẹnu ọ̀nà méjèèjì, lórí bébà. Kọ̀ǹpútà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti mílímítà mẹ́fà. Ìlọ́po ogún ni mo mọ ojú yẹn sí, ni mo bá sọ fún un pé sẹ̀ǹtímítà méjìléláàádọ́rin ni. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, pé ó jọ pé ó kéré. Mo bi í pé nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́ṣẹ́ àwòrán? Ó ní kí n má bínú.

Lọ́jọ́ Sátidé, tó ku ọ̀la kí Màámi dé, mo gbé àga onítáyà náà wá láti ọ́sibítù ká fi dán ilẹ̀kùn wò. Ilẹ̀kùn rẹwà, ó ń dán. Mo ti àga sí i, ó há. Mo tún un tì, ó kọ̀. Férémù ti jẹ lára méjìléláàádọ́rin mi, àyè tó kù ò sì gba àga.

Jẹ́jẹ́ kàn ń gbọn eruku igi kúrò lọ́wọ́, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Mo ṣí kọ̀ǹpútà kí n lè fi hàn án pé òun ló gé igi kù. Lọ́tẹ̀ yìí mo wọ inú ojú àwòrán, mo tẹ igun méjèèjì. Àádọ́rùn-ún. Mo tún un tẹ̀, àádọ́rùn-ún náà ni. Mo wá wo iye ojú yẹn: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kì í ṣe ogún. Èmi náà ni mo yí i lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí balùwẹ̀ ò gba orí bébà. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku igi. Jẹ́jẹ́ fò dìde, ó fà mí sókè, ó ní ṣé mo fẹ́ ṣépè fún òun ni, kí ẹ̀gbọ́n máa kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Èmi ni mo ṣe é," mo ní.

"Mo mọ̀, Àǹtí mi."

Àṣé ó ti lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ó ní kí Màámi fọwọ́ ara ẹ̀ ti àga, ó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó mọ̀, ó sì kàn án bẹ́ẹ̀? Ó fọwọ́ họrí, ó ní èmi ni mo ní kí òun kàn án, àmọ́ kí n fọwọ́ lu ògiri ẹ̀gbẹ́ férémù wò. Mo lù ú. Ó dún bí àpótí òfìfo. Kò jẹ́ kí bíríkìlà da símẹ́ńtì kankan síbẹ̀. Pákó ló fi dí àyè náà, ó sì kùn ún ní ọ̀dà. Ìṣó mẹ́ta péré ló dì í mú.

"Bí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"Mi ò bá sọ fún yín kí Màámi tó dé. Àtàárọ̀ ni mo ti ń wá ìgboyà ẹ̀."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, mo dì mọ́ ọn ni. A yọ ìṣó mẹ́ta náà, èmi di igi mú, òun fa ayùn. Pákó tó kù ò tó ilẹ̀kùn tuntun, ló bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ti àkọ́kọ́ kó lè fẹ̀ sí i. Ojú ibi tó ti so ó hàn gbangba, ọ̀dà ò sì bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi ò yà síbì kankan, balùwẹ̀ ló dorí kọ. Ó wo ojú ìsopọ̀ yẹn láti òkè délẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló lẹ ilẹ̀kùn òun bí aṣọ tó ya.

"Èmi ni," àwa méjèèjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wò wá, ó ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Ó fọwọ́ ti táyà, ó wọlé, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ò kan ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó di irin ara ògiri mú, ó mì ín wò. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e kí n bá a gbé tówẹ̀lì, ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo wo Jẹ́jẹ́, omi ti lé ròrò sí i lójú, tèmi sì ti ń dà ní tiẹ̀. A ò lè kúrò níbẹ̀.

"Mò ń gbọ́ mímí yín o," Màámi sọ látinú balùwẹ̀. "Ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo fẹ́ wẹ̀."