Pupuru Tí Ẹ̀mí Ní Kí N Ṣe

Èmi Dora, aránṣọ ni mí l'Òkìtìpupa. Bí ẹ bá rí sùtánà tó gún régé lára ọmọ ìjọ wa, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó rán an. Ní ti ilé ìdáná, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Mo wà lórí eékún, à ń gbàdúrà lọ́wọ́, ni ohùn kan bá sọ sí mi lọ́kàn kedere pé: "Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe pupuru, kí o gbé e lọ fún Susan."

Susan kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń gbé Iyansan, tí kò sẹ́ni tó ń ṣe pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìkálẹ̀? Mo ní, "Ẹ̀mí Mímọ́, jọ̀ọ́, tún un wò. Bó bá ṣe búláòsì ni, mo gbọ́." Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀rọ̀ náà á tún dé: pupuru, Susan. Ọkọ rẹ̀, Ọláìtán, kú nígbà òjò. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo sunkún, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo rò pé ọkàn Susan ti balẹ̀.

Mo bá ra ẹ̀gẹ́. Mo rẹ ẹ́ títí ó fi kan, mo fún omi rẹ̀, mo mọ ọ́n róbótó, mo tò ó sórí àjà lókè iná. Ẹni tó bá mọ pupuru mọ̀ pé iná jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́, kó lè gbẹ dénú. Èmi ò ní sùúrù yẹn. Mo koná mọ́ ọn. Èéfín bo àdúgbò, Wòlíì Àjíṣafẹ́ tí ilé wa kángun síra sì gbé garawa omi dé, ó rò pé ilé mi ń jó. Nígbà tí ẹ̀yìn pupuru náà dú bí ìdí ìkòkò, mo ní ó ti tó.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé abọ́ pupuru mi gun ọ̀kadà, tèmi ti sùtánà, láìwọ bàtà, nítorí a kì í wọ bàtà sí aṣọ mímọ́. Ọlọ́kadà ní, "Màmá, ṣé ẹ gbàgbé bàtà ni?" Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀.

Mo bá Susan lórí àpótí nínú ilé ìdáná. Ó ti rù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Eérú tutù, àjà ṣófo, bẹ́ẹ̀ sì ni igi tí wọ́n ti là kún ẹ̀gbẹ́ ògiri dé òkè.

"Kí lò ń jẹ?"

"Bísíkíìtì."

"Pẹ̀lú igi tó pọ̀ tó yìí? O ò dáná?"

Ó bojú wo igi náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọláìtán ló là á kó tó kú. Bí mo bá fi dáná tán, Dora, kí ló kù tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá?"

Omi bọ́ lójú mi. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ pòórá lẹ́nu mi. Mo ṣí abọ́. "Mo ṣe pupuru fún ẹ."

Susan wo abọ́, ó wò mí. Ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ lábẹ́ àpótí, ó ha dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, ó là á sí méjì. Inú rẹ̀ ṣì rin gbindin.

"Yéè! Dora!" Ó ti dìde dúró. "Kí lèyí? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìwọ náà ni. Ṣebí ojú mi lo ti máa ń ṣe é."

"Má bà mí lórúkọ jẹ́ o! Ṣé àwọn ará Iyansan rí i?"

"Mo kí gbogbo wọn. Mo ní ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń gbé e lọ."

Ó káwọ́ lérí. Ó fẹ́ bú mi, ẹ̀rín ni ó jáde. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí Susan fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé ó ní.

Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí igi. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan, ó dúró.

"Ọláìtán," ó pè é bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé ló wà, "ìwọ náà rí ohun tí Dora gbé wá. Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí." Ó sì fa igi náà yọ.

Iná ràn. Ó tún pupuru mi tò sórí àjà, ó gbé ọbẹ̀ marúgbó kaná, ó ní kí n jókòó sí ọ̀ọ́kán, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí èyí tó là gbẹ, ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná rò ó, ó jẹun lójú mi, ó tún bu sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ó fẹ́ bú mi.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ṣa ẹ̀là igi kan tí ojú àáké ṣì hàn lára rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi tọ́jú èyí," ó ní. "Ìyókù, màá fi se oúnjẹ. Ìwọ tí o ò mọ iná dá, ọwọ́ rẹ ni igi á ti pẹ́ jù."

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi di òní.