Àkùkọ Orí Wáyà

Bí mo bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màlúù mẹ́ta. Ẹ má jiyàn. Wáyà kan ṣoṣo ni ilé mẹ́jọ ń lò lọ́dọ̀ wa ní Áyówà, ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá ti ń pe ẹnì kejì, gbogbo ilé yòókù á gbé tiwọn sétí. Mo mọ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń paró fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá mi ni mò ń pè láràárọ̀. Òun nìkan ló ń gbé, máìlì méje sí mi, kò sì gbọ́ èdè kankan ju Jámánì tó gbé bọ̀ láti ilé.

Ìgbà tí Amẹ́ríkà bá Jámánì wọ̀jà ní 1917, ẹ̀rín tán lẹ́nu aládùúgbò. Wọ́n pa Wendell, ọmọ Ìyáàfin Haskell, sójú ogun ní Fáráńsé. Láti ọjọ́ yẹn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo yìnbọn. Èmi tí mo kọ́ Wendell láti gun ẹlẹ́dẹ̀! Wọ́n ní à ń ta ọ̀tá lólobó. Olobó wo? Pé ẹlẹ́dẹ̀ mi bí mọ́kànlá? Ni òfin bá dé: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Jámánì lórí tẹlifóònù mọ́.

Mo lọ kí Màmá lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Gerd, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o ṣì wà láyé?"

"Màá kọ bí àkùkọ, Màmá. Kẹ́ ẹ dáhùn bí àgbébọ̀. Òfin ò mú adìyẹ."

"Orí ẹ ti dàrú." Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa. Èmi á kọ, òrùlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí; òun á ké "kọ̀-kọ̀-kọ̀-dáà!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín bo ẹṣin mi dé etí. Mo kọ. Kẹ́kẹ́ pa. Mo kọ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi bó. Mo bá sọ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Màmá mi ò dáhùn. Ta ló lè bá mi yọjú wò ó?"

"Kí àkùkọ ẹ fò lọ wò ó!" Clyde Ransom nìyẹn, tá a jọ ń kórè àgbàdo. "Ẹ rò pé a ò mọ̀ pé àmì lẹ fi ń ránṣẹ́ sí Jámánì?"

"Clyde, adìyẹ lásán ni!"

"Adìyẹ kì í lo tẹlifóònù."

Àwàdà tó dùn jù lórí wáyà wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á, ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbé tẹlifóònù wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kà, kà, kà. Ó wá ku èémí ẹnì kan.

"Èéfín ń jáde lórí òrùlé rẹ̀." Ìyáàfin Haskell ni, ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá. "Wọ́n wá já wáyà rẹ̀ lánàá. Mo rí i níta, ó ń fún adìyẹ lóúnjẹ."

"Ìyá Wendell, ẹ ṣeun, ẹ—"

Ó ti gbé e kalẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni yìnyín fi dí ọ̀nà. Àràárọ̀ ni mò ń gbé tẹlifóònù, tí mò ń kọ. Mò ń gbọ́ àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń mí. Ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé mo ṣì wà láyé.