Irin Tí Kì í Purọ́

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, Pásítọ̀. Ẹ kàn lu irin náà lẹ́ẹ̀mẹta péré, àgọ́ yìí á kún débi pé Bàbá Alábòójútó fúnra wọn ò ní ríbi jókòó."

Bàbá Àbọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni, òun sì ni ọmọ ìjọ àkọ́kọ́ tí Pásítọ̀ Dúró ní láti ìgbà tí ìjọ àgbà ní Èbúté Mẹ́tà ti rán an wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ létí ọ̀sà l'Ájáh. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí Alábòójútó láti ìjọ àgbà fẹ́ wá wò wọ́n ni. Àwọn méjèèjì dúró sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wo ríìmù lọ́rì kan tí wọ́n fi wáyà so rọ̀ sórí ẹ̀ka.

"Irọ́ nìyẹn, Bàbá Àbọ̀."

"Irọ́ kẹ̀? Ta ló la ẹnu sọ nǹkan kan? Irin lẹ lù. Ẹni tó bá sáré wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e wá."

"Ṣé ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́sí ò tíì tó ni?"

Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́sí kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó lò lábúlé náà, Dúró lu ríìmù yìí láti fi pe àwọn èèyàn wá jọ́sìn, bí wọ́n ṣe máa ń lu agogo ní Èbúté Mẹ́tà. Kò tíì gbé òòlù sílẹ̀ tí gbogbo abúlé fi tú jáde. Tọkùnrin tobìnrin, tarúgbó tọmọdé, wọ́n ń sáré bọ̀. Omijé ayọ̀ lé sójú pásítọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé Olúwa!" Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ tòsí ló rí i pé àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, okùn sì wà léjìká wọn. Àwọn obìnrin ti káwọ́ lérí. "Ta lomi gbé?" ni wọ́n ń bi í. "Ọkọ̀ ta ló dà?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ní abúlé yẹn, èèyàn kì í lu irin àfi bí omi bá fẹ́ gbé ẹnì kan lọ. Alhaji Gbàdàmọ́sí ló bá a pẹ̀tù sí wọn nínú. Bàbá yìí ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀; mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun náà ló yọ̀ǹda etí omi fún wọn láti pàgọ́ ìjọsìn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó kọjú sí Dúró.

"Pásítọ̀, àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ti fi jì yín. Àmọ́ irin tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ tó bá sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni ríìmù ti kàn ń rọ̀ dirodiro lórí igi. Ẹnu ni Dúró fi ń pe èèyàn, láti ilé dé ilé, kódà ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àwọn ilé Jákàńdè tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Ìlàsàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ò mú èèyàn wá bí irin.

Kì í ṣe pé ayọ̀ ò sí nínú iṣẹ́ náà o. Ayọ̀ wà. Fàúsátù, opó tó ń ta ẹja, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ ń wá jókòó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan ó kàn dìde, ó dá orin sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé Dúró gbàgbé ibi tó dé nínú ìwàásù. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọrẹ nígbà mìíràn, òórùn rẹ̀ á sì wà lára pásítọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn. Ó fẹ́ràn òórùn náà. Ó fẹ́ràn ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Ìgbìmọ̀ ìjọ àgbà ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí Alábòójútó bá dé lọ́jọ́ Ìsinmi yìí tí kò bá ìjọ tó ń jẹ́ ìjọ, àwọn yóò ká ẹ̀ka náà kúrò, àwọn yóò sì pe pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ padà.

Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ò tilẹ̀ tíì tú àpótí aṣọ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Tí Dúró bá béèrè, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ pé a ti jókòó, n ó tú u."

Bàbá Àbọ̀ fi í sílẹ̀, ó lọ ń to bẹ́ǹṣì. Òòlù wà lórí gbòǹgbò igi. Dúró gbé e. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó ni. Àṣé ọwọ́ ti gòkè.

"Ṣé omi gbé ẹnì kan ni?" Modúpẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di bàtà ọkọ rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Rárá."

"Ẹ gbé e sílẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ wá wọ bàtà."

Ojú tì í. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wọ bàtà.

Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ Pijó Alábòójútó Ọláṣùpọ̀ fi ìsapá la yanrìn kọjá wá. Bàbá náà sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbọn eruku ara kóòtù wọn, wọ́n yọjú wo inú àgọ́.

"Pásítọ̀, àwọn èèyàn dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, sà."

Àwọn tó wá ò ju kí wọ́n kún bẹ́ǹṣì iwájú lọ. Àwọn ará Jákàńdè ò rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Alábòójútó dìde láti wàásù, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn látinú ìtàn olùṣọ́-àgùntàn tó fi agbo sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan tó sọnù. Ìwàásù gidi ni, ṣùgbọ́n Dúró ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ń wo títì bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ ò gba ọ̀nà títì wá. Mùínàt, ọmọbìnrin tó ń yan ẹja létí omi, ló ń sáré bọ̀ láti apá ọ̀sà, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà.

"Pásítọ̀! Ọkọ̀ Kàsímù ti dà o! Obìnrin àti ọmọdé ló kún inú ẹ̀! Ìjì ń gbé wọn lọ!"

Kàsímù ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn lọ sọ́jà lódìkejì ọ̀sà. Irin tí abúlé fúnra rẹ̀ ń lù wà nílé Alhaji ní ìpẹ̀kun abúlé, níbi tó jìnnà; èyí tó súnmọ́ wọn jù ni ti orí igi máńgòrò. Dúró ò rántí Alábòójútó, kò rántí ìgbìmọ̀. Ó fò jáde, ó gbá òòlù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Ó lù títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù kan tí kò bà á rí wá bà á: bí wọn ò bá wá ńkọ́? Ká ní ó ti lù ú láàárọ̀ yìí, tí wọ́n sáré wá bá ìwàásù, ta ni ì bá tún sáré wá báyìí? Ó ń lu irin, ó ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run.

Ni àjẹ̀ àkọ́kọ́ bá yọ láàárín àwọn ilé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ni gbogbo abúlé bá ya wá bí omi, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó dúró béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn ọmọ ìjọ náà ti tú jáde. Bàbá Àbọ̀ gbé bẹ́ǹṣì kan lérí, ó jù ú sómi fún ẹni tó bá lè dì í mú. Dúró wọ inú ọ̀sà tòun ti kóòtù, wọ́n sì ń na àwọn ọmọdé sí i láti inú àwọn ọkọ̀, ó ń gbé wọn wá sórí ilẹ̀.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, gbogbo wọn ló yọ. Kàsímù ni wọ́n fà jáde gbẹ̀yìn, ó ń bi omi, ó ń bẹ̀bẹ̀. Inú àgọ́ ìjọsìn ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, ó sì kún, ó kún títí dé ìta. Fàúsátù ń dáná. Alábòójútó ti bọ́ kóòtù wọn sí ọmọ kan lára, wọ́n ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè gbóná.

Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀, Alábòójútó fa Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pásítọ̀, nínú gbogbo èèyàn yìí, àwọn wo ni ọmọ ìjọ?"

Ohun tó rọrùn láti sọ ni "gbogbo wọn". Dúró wo àgọ́ náà yí ká.

"Àwọn tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà ni, sà. Àwọn tó kù, omi ló kó wọn wá."

Alábòójútó mí kanlẹ̀. "Èmi rí ohun tí mo rí. N ó sì sọ ọ́. Àmọ́ ẹ mọ ìgbìmọ̀. Wọn ò ní bi mí pé èèyàn mélòó lẹ yọ nínú omi. Mélòó lẹ rì bọmi ni wọ́n máa béèrè. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ báyìí, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á wá ibòmíràn fún yín, ibi tó ń gbọ́ ìwàásù. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ."

Dúró wọlé. Àpótí wà láàárín yàrá, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Modúpẹ́ ń so aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ mọ́ ọmọ jòjòló kan lára.

"Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì fún yín o," ó ní. "Mo ti tú u. Ara wọn ló wà."

Dúró jáde pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Alábòójútó ti jókòó sínú ọkọ̀. Dúró gbá ilẹ̀kùn mú, ó ṣí i.

"Pásítọ̀." Alhaji Gbàdàmọ́sí ló dúró lábẹ́ igi máńgòrò, omi ń kán lára agbádá rẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti dé, Pásítọ̀ là ń pè yín. Orúkọ wo ni ìyá yín sọ yín?"

"Dúró ni, bàbá." Àwọn ọmọ kan ti wá, wọ́n sì ti padà ṣáájú rẹ̀, orúkọ ni ìyá rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́.

Bàbá wo ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wo ọwọ́ tó dì í mú.

"Dúró," ó pè é jẹ́jẹ́. "Ṣé o ń jẹ́ ẹ, àbí o ò jẹ́ ẹ mọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá yóò pè é ní ìwọ, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ilé.

Dúró ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ padà. "Mò ń jẹ́ ẹ, bàbá," ó ní. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ bá mi kí wọn ní Èbúté Mẹ́tà, sà."