Ọkùnrin Kan ní Kùmásí

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà ni Adéìfẹ́ ọmọ mi kú sí. Ìfun rẹ̀ ló bẹ́. Wọ́n ní ká dúró de dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. A dúró. Nígbà tí dókítà dé, Adéìfẹ́ ti lọ.

Ayọ̀tọ́lá àbúrò rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní iṣẹ́ abẹ lòun máa ṣe. Ó gboyè tán, kò sí ibi tó gbà á nílé láti kọ́ iṣẹ́ abẹ. Gáná gbà á, ní Kùmásí. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́. Èmi ni mo ní kó máa lọ.

Ọdún kejì tó débẹ̀ ló pè mí lọ́sàn-án kan. Mo wà níwájú ilé wa ní Dópẹ̀mú.

"Dádì, bùrọ̀dá mi wà níbí."

"Bùrọ̀dá wo?"

"Adéìfẹ́."

Mo wá ibi jókòó.

Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkùnrin kan wọlé, ìfun rẹ̀ bẹ́. Ojú Adéìfẹ́ ni. Àpá tí kẹ̀kẹ́ dá sí i lágbọ̀n wà níbẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ lọ́hùn-ún kì í ṣe tiwa. Ìyàwó tó gbé e wá ò mọ ìlú tí ọkọ òun ti wá. Ọ̀gá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ mìíràn. Òun nìkan ló kù tó lè là á.

"Bùrọ̀dá ò tíì rí mi, Dádì."

Ọmọ Èkìtì ni mí, mi ò sì fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn àgbà wa wí. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ lè lọ máa gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá fojú kan ará ilé rẹ̀, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Pe orúkọ ẹ̀, Tọ́lá. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Mo gbà á padà. "Fi ìbòmú bojú kó o tó dé iwájú ẹ̀. Má sọ̀rọ̀ títí oorun oògùn á fi gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, kó o là á."

"Tí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n ńkọ́?"

"Ṣebí torí kó má gbọ̀n lo ṣe lọ síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó pa fóònù.

Ìyá rẹ̀ ń wò mí. "Ọmọ tèmi náà ni, Bàbá Tọ́lá."

Ìrọ̀lẹ́ ni Tọ́lá pè padà. Ọkùnrin náà yè. Ó ní bí oògùn ṣe ń mú un, ó la ojú, ó tẹjú mọ́ òun, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá rí.

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Ta nìyẹn?'"

"Ṣé o dáhùn?"

"Rárá, Dádì."

Ó sunkún. Mo ní kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò bá ìyá rẹ̀ nílé. Mo wá a lọ sí gáréèjì. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ Gáná ni mo ti rí i, kúlà oúnjẹ lórí itan rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ," awakọ̀ wí. "Wọn ò ní gba ìyàwó yín ní Gáná."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò ní sọ̀rọ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni màá dúró sí. Mo kàn fẹ́ rí i pé ó ń mí ni."

"Ó máa rí ẹ."

"Ìyá ẹ̀ ni mí."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ̀ ò wò mí.

"Ìyàwó tó ní lọ́hùn-ún," ó wí, "ṣé ó ń tọ́jú ẹ̀?"

"Tọ́lá ní kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Ó gbé kúlà fún obìnrin tó jókòó tì í, ó ní kó bá òun jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi, mo sì mú un sọ̀ kalẹ̀.