Jákẹ́ẹ̀tì Tí Omi Ò Kàn Rí

Iná ọyẹ́ mú eèsún erékùṣù kékeré tó kọjú sí Bàrígà lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni Ikúmápàyí, àbúrò Sabina, ń gbé pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń yan ẹja. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò lè sáré.

Bí iná bá sọ, àwọn ará etíkun Oǹdó tó tẹ̀dó sí Bàrígà, àwọn èèyàn Sabina, kì í ṣe ìpàdé. Abọ́ ni wọ́n ń lù. Ẹni tó bá gbọ́ á fò sínú ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ ti ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí Sabina wà lọ́mọge, ilé mẹ́rìndínlógún ló jó lábúlé bàbá rẹ̀, ẹ̀mí kan ò bá a lọ.

Lọ́jọ́ yìí náà, abọ́ ti ń dún, àwọn ọ̀dọ́ ti gbá àjẹ̀ mú, kí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ìjọba tó dé tariwo-tariwo. Ọ̀gá wọn, Adéníran, ta okùn sétí omi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá, ọkọ̀ ojú omi ìjọba ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọ̀dọ́ wo ojú Sabina, torí òun làgbà ibẹ̀. Sabina wo jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, ó ń dán bí ọsàn tó pọ́n. Ó gbà á gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká dúró," ló wí. "Ìjọba ti dé."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀hún wà lórí tírélà ní Obanikoro, wọ́n ń wá epo tí wọ́n máa rọ sí i. Àwọn panápaná dúró ti ọ̀sà gbẹrẹgẹdẹ, wọ́n ń bi ará àdúgbò ibi táwọn ti lè rí omi.

"Ẹ bá wọn wá a o," Mákánjúọlá apẹja wí. "Ọ̀sà ti gbẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sabina yọ ọ̀bẹ ẹja nídìí ìró, ó gé okùn náà, ó wọ ọkọ̀.

Nínú ẹni mọ́kànlá, mẹ́fà ló rí gbé jáde láàyè. Ikúmápàyí fi àpò tútù bora, ó ti rá títí dé etí erékùṣù. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kan omi. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, àmọ́ kì í ṣe gbígbóná ẹni tó wà láàyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adéníran kó fóòmù ìbùsùn wá fáwọn tí iná jó nílé, pẹ̀lú ìwé kan. Sabina ní kí Delight, ọmọ ọmọ òun, kà á. Ìwé ní ìjọba tètè dé, wọ́n yọ gbogbo èèyàn, àfi ẹni méjì.

"Màmá, ẹ bá wa tẹ ìka síbí, kẹ́ ẹ gba fóòmù yín."

"Òkú márùn-ún ni mo fọwọ́ ara mi gbé," Sabina wí. "Àwọn mẹ́ta tó kù, ṣé ẹja ni wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa nìyẹn."

Sabina ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà dáadáa. Ó gbé e kọjá lórí ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà jákẹ́ẹ̀tì náà.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀bi tèmi ń bẹ lọ́rùn mi títí n ó fi wọ ilẹ̀," ló wí. "Tìẹ rèé."

Adéníran ń fi ọwọ́ nù ún. Ṣe ló ń ràn.