Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Ìyá Délé

Àkànní, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. Mo gbé sàlẹ́ńsà tó ti dípẹtà, irin tí èéfín ń gbà jáde lára ọkọ̀ tí Ìyá Délé, aya mi olóògbé, fi sílẹ̀, lé èjìká mi. Mo gbé e lọ sọ́jà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀, torí wọn kì í tà á láìrí àpẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ di ilé ìdáná ìyá mi, síbẹ̀ kò yà mí lẹ́nu.

"Bàbá, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú ọkọ̀ yìí," ni oníṣọ́ọ̀bù wí. "Àbí ẹ̀yin àti òun jọ dàgbà ni?"

Ó fi sípánà lu irin náà. Ohùn ìyàwó mi jáde nínú rẹ̀: "Bàbá Délé, ṣé ẹ ti jẹun?"

Oníṣọ́ọ̀bù ò gbọ́ ọ. Ó ní òun ní ọ̀kan tó bá a mu, òun á sì tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú, bí mo bá lè fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin.

N kò mọ ìtumọ̀ àlá náà, Àkànní. Ohun tó ń dùn mí látàárọ̀ ni pé mo ti ní "Ó dáa" kí oníṣọ́ọ̀bù tó sọ̀rọ̀ tán.